Àtẹ́wọ́ Tó Ṣáájú Ìjì

Òjò kì í dúró gbàtẹ́wọ́. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí ní Ìdí-Ọ̀sà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀, ńṣe ni wọn yóò máa wo ara wọn lójú. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ má lọ wá a sí ayé àtijọ́ o. Rédíò ti dé kí wọ́n tó pa á.

Wúràọlá Láníyonu ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ní eré oníṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò gbà pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ka ìròyìn ojú ọjọ́ láràárọ̀, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Àwọn apẹja kì í ti ọkọ̀ wọ ọ̀sà láìgbọ́ ìròyìn yẹn, Akínṣọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, sì wà lára wọn.

Bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ náà ló ṣe kọ́ wọn. Ó ní ohun tó bá wúwo jù, ìparí là ń gbé e sí, bí èrò bá sì pàtẹ́wọ́, kí wọ́n dúró kó rọlẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánrawò títí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí pé rédíò kì í ṣe orí ìtàgé.

Moyọ̀sórẹ, ọ̀gá wọn nínú eré, ló kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wúràọlá dúró sí òdìkejì gíláàsì. Ó ti ka ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà: ìjì líle yóò jà kí oòrùn tó kàtàrí, kí ẹnikẹ́ni má wọ ọ̀sà.

“Oòrùn, arẹwà ojú ọ̀run, o káàbọ̀ sí Ìdí-Ọ̀sà! Ìkùukùu ń rìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé!”

Àtẹ́wọ́ sọ. Moyọ̀sórẹ dúró. Ó tún kéwì sí afẹ́fẹ́, àtẹ́wọ́ tún sọ, ó tún dúró. Wúràọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì: “Ìjì, Moyọ̀! Sọ ti ìjì!” Gíláàsì náà kì í jẹ́ kí ohùn kọjá. Ọmọ náà rò pé olùkọ́ òun ń yin òun ni, ló bá tẹríba fún un. Bó ṣe ní “Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará…” báyìí ni ìròyìn láti olú-ìlú já wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró níbẹ̀ títí yóò fi parí.

Wúràọlá sáré dé etí omi láìwọ bàtà. Ọkọ̀ kankan kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Wọ́n ti lọ,” ni obìnrin kan tó ń yan ẹja wí. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ní oòrùn yọ.”

Ìjì dé bí ìwé ti wí. Wúràọlá dúró sínú òjò, ó ń ka orí gbogbo ẹni tó bá gúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà á dọ́kàn. Akínṣọlá ló dé kẹ́yìn, nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Omi ti gbé tirẹ̀ lọ tàwọ̀n-tàwọ̀n. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Bùọ̀dá mi, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀.”

Eyín ọkùnrin náà ń gbá ara wọn. “Àtẹ́wọ́ la gbọ́, Wúrà. A ò gbọ́ ìjì. Òjò kì í dúró gbàtẹ́wọ́.”

Lọ́jọ́ tí ìjì tún fẹ́ jà, Moyọ̀sórẹ náà ló kà á. “Ẹ má wọ omi lónìí. Ìjì ń bọ̀.” Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kí ìlú pé ẹ kú àárọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú bá wà lẹ́nu rẹ̀, tó wá ń fi ewì àti ìkíni yí i ká, òun ni àgbà Ìdí-Ọ̀sà ń pa òwe yìí fún. Bí ọmọ bá sáré wọlé, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé ilé ló ń jó, wọn a ní kó dìde. Òjò kì í dúró gbàtẹ́wọ́: sọ èyí tó lè pani ná, ká tó wá kíra.