Aleid Ọmọ Dirk àti Odi Tí Òkun Fọ́

Ní ọdún tí ogun ń jó àwọn ìlú apá gúúsù bí iná ọyẹ́ ti ń jó pápá, tí àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ń fi ilé sílẹ̀ tí wọ́n ń sá lọ sí àríwá, òkè ni òkun wà tí ó ń wo ilẹ̀ Wolmerwaard nísàlẹ̀. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Inú irà ni àwọn baba ńlá wọn ti gbà á, odi amọ̀ gbọọrọ kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín wọn àti ikú. Bí odi náà bá ya, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni yóò sá sí àfi òkìtì gíga tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn lé. Nítorí náà ni olórí odi fi níyì ju olórí ìlú lọ níbẹ̀. Wouter ọmọ Dirk ni olórí odi nígbà náà, Aleid sì ni àbúrò rẹ̀: Aleid opó, obìnrin gíga eléjìká bí akọ màlúù, a-wo-ìjì-má-ṣẹ́jú, ẹni tí í dá gbé agbọ̀n amọ̀ tí ọkùnrin méjì ń sá fún.

Àwọn ará gúúsù dé, Wolmerwaard sì gbà wọ́n sílé. Èdè kan náà ni tọ̀tún tòsì ń sọ, ṣùgbọ́n èdè Dọ́ọ̀ṣì tí ayé mọ̀ lónìí kò tíì di ọ̀kan nígbà náà. Olúkúlùkù ìlú ni ó ń sọ tirẹ̀ bí ó ti bá a lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀. Bí àwa náà ti ní “ìwọ” àti “ẹ̀yin”, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní “dù” àti “gèí”. Ní Wolmerwaard, dù ni wọ́n ń pe ará ilé àti ọ̀rẹ́. Gèí jẹ́ ti agbowó-orí àti àlejò tí a kò fẹ́ kí ó jókòó pẹ́. Ní gúúsù, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa dù tì. Gèí ni ọkọ ń pe aya, òun ni ìyá ń pe ọmọ, dù sì kù fún ajá àti fún olè tí wọ́n ń mú lọ síbi igi tí wọn yóò so ó kọ́. Nígbà tí obìnrin Wolmerwaard bá na búrẹ́dì sí àlejò tí ó ní, “Dù, gbà, jẹun,” omijé ìtìjú ni àlejò fi ń jẹ ẹ́. Bí àlejò bá sì fi gèí dúpẹ́, obìnrin náà yóò lọ sílé lọ wí pé ó ń gbéra ga sí òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe wà títí ìjì ìgbà ìwọ́wé fi dé. Odi lanu níbi tí ó ti tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, Wouter sì kó gbogbo ènìyàn jáde, onílé àti àlejò, láti fi amọ̀ dí i. Òjò ti sọ orí odi di ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ líle lè wó o. Wouter rí i pé wọ́n ti ń kánjú jù, ó sì kígbe pé, “Lópẹ̀n!” Ní ẹnu ará Wolmerwaard, ẹ máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní etí ará gúúsù, ẹ sáré ni. Wọ́n ju agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n sì sáré, gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn mi odi náà, ó sì ya lábẹ́ wọn. Aleid rí fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú omi dúdú náà. Kò rí i mọ́.

Àwọn tí ó kù gun òkìtì ilé ìjọsìn. Àwọn onílé dúró sápá kan, àwọn àlejò sápá kejì, òjò ń pa gbogbo wọn, òkú màlúù ń léfòó nísàlẹ̀. Òṣùpá àrànmọ́jú kù sí dẹ̀dẹ̀, òkun yóò sì tún ru gba ihò náà wọlé. Bí ó bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, orí òkìtì pàápàá kò ní gbà wọ́n. Ọwọ́ àwọn onílé nìkan kò sì lè dí i. Síbẹ̀ Barend, àgbà apẹja tí ó gbé Aleid jó lọ́mọdé, ní kí wọ́n ti àwọn àlejò sínú omi nítorí àwọn ni wọ́n pa Wouter. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aleid dìde, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Èpè ni ó gbé lọ. Ó bá Joris, àgbà ahunṣọ tí ó jẹ́ agbẹnusọ wọn, ó sì bi í ní ohun kan ṣoṣo: kí ló dé tí wọ́n fi sá?

“Olórí odi ni ó ní kí á sáré,” ni Joris wí.

“Irọ́ ni. Rírìn ni ó ní kí ẹ máa rìn.”

“Lópẹ̀n ni ó wí.” Ọkùnrin náà kò gbé ojú sókè. “Ọmọbìnrin mi ń fà sẹ́yìn. Èmi ni mo tì í pé kí ó yára gbọ́ràn. Òun ni ó ṣíwájú níbi tí odi ti ya.”

Aleid jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìbínú ni ó ti ń gbé e dúró láti ìgbà tí Wouter ti lọ, ìbínú náà sì fi í sílẹ̀ lójijì, kò sì sí ohun tí yóò dì mú mọ́. Kò sí ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ kan ni, tí ẹnu kan sọ tí etí mìíràn sì gbọ́ sí ibòmíràn. Ó pẹ́ kí ó tó lè dìde. Nígbà tí ó dìde, ó dúró láàárín apá méjèèjì, ó sì sọ ohun tí Joris wí. Wọn kò gbà á gbọ́. Barend ké mọ́ ọn pé, “Dù, Aleid, ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ìwọ ń tà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ti kú,” ni Aleid wí. “Bí ẹ bá ti àwọn wọ̀nyí sómi, kò ní jí. Àwa náà yóò tẹ̀lé wọn nígbà tí òṣùpá bá kún, òkun kò sì ní bèèrè ẹni tí ó jẹ́ onílé. Ẹnu wa ni ó fọ́ odi náà kí omi tó fọ́ ọ. Láti òní lọ, n kò ní pe ẹnikẹ́ni ní dù mọ́ lórí ilẹ̀ yìí, àgbà tàbí ọmọ ọwọ́. Baba Joris, gèí ni mo pè yín. Ẹ wá bá wa dí i.” Ó yíjú sí Barend. “Baba Barend, gèí ni mo pe ẹ̀yin náà. Ọkọ̀ yín ni mo sì ń tọrọ, kí á rì í sínú ihò náà.”

Ọkọ̀ yẹn nìkan ni ó kù tí ènìyàn díẹ̀ ì bá fi sá. Barend wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ lọ́jà. Omi dà lójú rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan amọ̀, Aleid mú wọn jókòó ní onílé kan, àlejò kan, ó sì ní kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́: èyí tí ó jẹ́ rìn, èyí tí ó jẹ́ sáré, gbé e, sọ̀ ọ́, dúró. Wọ́n mú òmíràn láti gúúsù, wọ́n mú òmíràn láti àríwá, wọ́n sì ń pè é títí ahọ́n fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n kó amọ̀ kún ọkọ̀ Barend, wọ́n fi okùn fà á dé ẹnu ihò, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Aleid wà nínú omi dé àyà, ó fi ọwọ́ ti ọkọ̀ náà mọ́ òpó kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Nígbà tí ọkọ̀ yí, ó fún ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ òpó náà. Bí ó bá pariwo, wọn yóò dẹ okùn, omi yóò sì gbé ọkọ̀ náà lọ. Kò pariwo ìrora. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ yàn ni ó ké, “Sọ̀ ọ́!” gbogbo ọwọ́ sì sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àlejò àti onílé, kò sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́. Ọkọ̀ rì sí ihò náà. Ìdì ẹ̀ka igi àti amọ̀ tẹ̀lé e. Òkun lu odi títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì padà sẹ́yìn.

Ọwọ́ náà gbẹ, kò sì lò ó mọ́. Wọ́n fi Aleid ṣe olórí odi, ibi tí odi ti tẹ̀, tí ọkọ̀ rì sí, ni wọ́n sì ń pè ní Ìtẹ̀ Aleid. Àwọn ọmọ onílé fẹ́ ọmọ àlejò, èdè wọn lọ́ mọ́ra bí okùn, àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ìjì náà kò sì mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ wo. Gèí ni wọ́n ń pe ara wọn, gèí ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, gèí ni wọ́n tilẹ̀ ń pe ajá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní títí Aleid fi darúgbó, a máa dá lọ sórí odi bí òkun bá fà, a sì máa bá Wouter sọ̀rọ̀ nínú omi. Dù ni ó ń pè é. Nígbà tí òun náà kú, kò sí ẹni tí ó kù ní Wolmerwaard tí ó tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.