Ìkòkò Kan fún Àgbàdo Méjì

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan, àgbẹ̀ ni, kò sì fẹ́ràn ìjà rárá. Bí ohùn bá ti ń ròkè nínú ilé rẹ̀, ara rẹ̀ kò ní lélẹ̀ mọ́, yóò máa wá ohun tí yóò fún tọ̀tún tòsì kí wọ́n lè dákẹ́. Àwọn ará abúlé ń yìn ín fún èyí. Èmi ò yìn ín.

Ó ní ìyá arúgbó, ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Àyọ̀ká, tí wọ́n bí fún un lẹ́yìn tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìrètí nù. Bí ó bá ti oko dé tí ọmọ náà kò sáré wá pàdé rẹ̀, kò ní lè jókòó.

Àgbàdo méjì ló wà nínú ilé náà. Èkíní ni irúgbìn, tí wọ́n ti ń gbìn láti ayé baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Láyé àtijọ́, èéfín ààrò ni wọ́n fi ń lé kòkòrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí èèrà kò jẹ́ kí ó hù mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn apakòkòrò pupa lẹ́búlẹ́bú pa á lára. Ilẹ̀ ni irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ń lọ, kì í dé ẹnu. Èkejì ni àgbàdo jíjẹ, tí ìyàwó ń sè, tí ó ń lọ̀, tí ó ń yan. Ìkòkò wọn yàtọ̀.

Lókè ààrò ni àjà wà. Ibẹ̀ gbẹ, eku kì í sì í débẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò kan péré ló gbà. Ìyá ní ohun tí baba fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó ní irúgbìn kò bọ́ ẹnikẹ́ni yó rí, ohun tí ọmọ òun ń jẹ ló yẹ kó wà lókè. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà.

"Ṣé ohun baba rẹ ni ìyàwó rẹ ń pè ní ìdọ̀tí?" ni ìyá wí.

"Màmá, mi ò pè é ní ìdọ̀tí," ni ìyàwó dáhùn. "Mo ní kí ọmọ rí jẹ ni."

Ó sú ọkùnrin náà. Ó gbé ìkòkò ńlá kan, ó da àgbàdo méjèèjì sínú rẹ̀, ó rò ó pọ̀, ó gbé e sórí àjà. Ìyàwó bi í pé oògùn ara irúgbìn ńkọ́. Ó ní, "Àgbàdo kúkú ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbìn á ṣa pupa, ẹni tó fẹ́ jẹ á ṣa funfun. Ojú yín ò kúkú fọ́." Ilé dákẹ́ lóòótọ́. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ń ṣà á. Wọ́n kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń ṣà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá wọ inú ìkòkò, oògùn ń bọ́ lára pupa, ó ń lẹ̀ mọ́ funfun. Nígbà tó yá, kò sí èyí tó mọ́ nínú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn àgbà wà lóko, ebi pa Àyọ̀ká. Ó gun àpótí, ó bu àgbàdo, ó ṣa èyí tó pupa sọ́tọ̀, ó yan ìyókù bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Aládùúgbò ló sá lọ pe bàbá. Nígbà tó dé, ẹnu ọmọ ti ń yọ ìfófòó. Ó gbé e sí èjìká, ó sáré gba ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọ̀nà náà sì jìn. Ọmọ náà ní, "Bàbá mi, mo ṣà á o." Wọn ò dé ilé ìwòsàn kí ó tó kú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìyá arúgbó kó ìyókù pupa lọ sóko. Oògùn ti bọ́ lára rẹ̀, èèrà kó o jẹ tán. Ọkùnrin náà kò rí jẹ, kò rí kórè. Ìjà sì tán nínú ilé rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìwọ ọ̀gá ilé ìwé tó jókòó síwájú mi yìí, o ní àwọn ẹlẹ́sìn ń bínú, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà ń bínú, o sì fẹ́ kí ìtàn bí Ọlọ́run ṣe dá ayé wọ inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ọmọ mú èyí tó bá wù ú, kí gbogbo ènìyàn lè sinmi. Mi ò ní kí o da ìtàn ìṣẹ̀dá náà nù. Irúgbìn ni. Inú ọkàn la ń rì í sí, kí ọmọ lè mọ ẹni tó yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "má bi í léèrè" sì ni oògùn tí a fi pa á lára. Ṣùgbọ́n jíjẹ ni sáyẹ́ǹsì. Eyín la fi ń dán an wò. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ pé èyí kò jinná, kí ó tu ú dànù. Bí o bá rò wọ́n pọ̀, "má bi í léèrè" yóò lẹ̀ mọ́ ohun tó yẹ kí ó bi léèrè, irúgbìn pàápàá kò sì ní hù. Fún olúkúlùkù ní ìkòkò tirẹ̀ àti wákàtí tirẹ̀. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ jà, jẹ́ kí wọ́n jà. Má sì sọ fún mi pé àwọn ọmọ á ṣà á fúnra wọn. Àyọ̀ká ṣà á.