Ọ̀tún Balógun Rẹ́rìn-ín
Balógun wa, tí ajá pàápàá kì í gbó níwájú ilé rẹ̀, jókòó sínú ọkọ̀ Pijó àtijọ́ rẹ̀, ó ní Látúnjí mẹkáníìkì kò gbọdọ̀ pààrọ̀ bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tó di táyà iwájú mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ tán; ṣùgbọ́n bí táyà bá yọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àwọn ọdẹ òun á yìnbọn pa á. Látúnjí mi táyà, ó ń mì bí eyín arúgbó. Ó ní, "Ó ti yé mi, Bàbá." Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọ̀tún Balógun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹni tí oyè kàn, tó ti ń ṣọ́ ikú ọ̀gá rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ẹja: "Bàbá, ẹ kú ìmúra oyè. Bí ẹ bá jẹ Balógun lọ́la, ẹ má gbàgbé wa o." Ọ̀tún gbàgbé ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín dé èrìgì. Balógun wo ẹ̀rín yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Látúnjí, ọmọ mi, tú u. Tọ̀tún tòsì, méjèèjì ni kí o pààrọ̀."