Bóyá Tí Adìẹ Kò Gbà

Nígbà láéláé, gbogbo ẹyẹ ló ní àká tí wọ́n ń kó ọkà bàbà sí, adìẹ náà sì ní tirẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, tí adìẹ bá rí ọkà nílẹ̀, á kàn ṣa á jẹ ni. Kì í fẹsẹ̀ wa nǹkan kan.

Ọdún kan wá wà tí kòkòrò wọ inú àwọn àká, ó jẹ ọkà di lẹ́búlẹ́bú. Ebi pa àwọn ẹyẹ. Òròmọ adìẹ tó kú lọ́dún yẹn ò kéré. Ni wọ́n bá dá yunifásítì sílẹ̀ lábẹ́ igi àràbà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ọkà wọ àká mọ́ àfi tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bóyá. Ọ̀gbìgbò, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ìgbákọ, ni olùkọ́.

Àgbébọ̀ adìẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù fún un ló ń rò. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀kọ́ yẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Bóyá kẹ̀?” ló wí fún Àdàbà tó jókòó tì í. “Tí bàbá yìí bá mọ̀, kí ló ń ṣe bóyá? Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ sá lọ.”

“Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀,” ni Àdàbà wí.

Ọ̀gbìgbò gbé àpò ọkà kan síwájú wọn. Ó ní, “A ò lè wo gbogbo ọkà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Díẹ̀ la máa bù wò. Díẹ̀ yẹn ló máa sọ bí ìyókù ṣe rí.”

Ó ti ẹnu bọ àpò, ó bù ú. Ọkà tó bù jáde ń dán.

“Ẹ wò ó, àpò yìí dáa. Bóyá ọ̀kan méjì ti bàjẹ́ nínú ẹ̀, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ọ̀gá, òkè lẹ ti bù ú,” ni Àgbébọ̀ wí. “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bẹ́ sínú àpò.

“Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ̀kọ́ la wá kọ́, a ò wá jẹ ẹ̀kọ o!” Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Àgbébọ̀ tẹrí ba nínú àpò. Ó fẹsẹ̀ wà á, wà á, títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ló bá níbẹ̀, kòkòrò ń rìn lórí ẹ̀.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín na ọrùn wò ó.

Ọ̀gbìgbò ò bínú. “Ẹ ṣeun, Ìyá Ọlọ́mọ. Èmi ni mo ṣìṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bu ògì, ṣé ẹ kì í rú u ni? Tẹ́ ò bá rú u, omi lásán lẹ máa bù lókè. Bẹ́ẹ̀ náà lọkà. Ẹ dà á sílẹ̀, ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tó bù ú.”

Àwọn yòókù gba ọ̀rọ̀ yẹn. Àgbébọ̀ ò gbà á. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ò ju pé òun ti mú olùkọ́ níbi tó ti fẹ́ tàn wọ́n jẹ.

“Ṣé o rí i?” ló ń sọ fún Àdàbà bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. “Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ká ní mi ò wà á ńkọ́?”

Ọjọ́ ìdánwò dé. Kálukú gbé ọkà oko rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí kálukú po tirẹ̀ pọ̀, kó bù ú wò, kó sì sọ bóyá ó yẹ kó wọ àká. Òjò ti ṣú.

Àdàbà po tirẹ̀, ó bu igbá kékeré kan. Ọ̀kan péré ló bàjẹ́ níbẹ̀.

“Bóyá ó dáa,” ló wí. Ó bá kó o wọlé.

Àgbébọ̀ náà bu igbá kan. Gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Èyí ti dáa jù. Ta ló to èyí tó dáa síbi tọ́wọ́ mi máa bà?”

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pò ó!” ni Àdàbà tó ti padà dé wí.

“Ìwọ lo wà nítòsí nígbà tí mo ń pò ó.”

“Èmi kẹ̀? Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ tún ti dé!”

Àgbébọ̀ bu igbá mìíràn, ó rí ẹyọ kan tí kòkòrò ti lu. “Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀!” Ló bá tú gbogbo ọkà ká sórí ilẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti wò, á fẹsẹ̀ gbá a sẹ́yìn.

Ààrá sán. Ọ̀gbìgbò fò wá bá a.

“Ìyá Ọlọ́mọ, ọkà yẹn dáa. Ẹ kó o wọlé.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Kò lè dá mi lójú tán. Ó dá mi lójú débi tí mo lè fi fún àwọn ọmọ tèmi jẹ.”

“Ẹ gbọ́ o! Kò dá bàbá yìí lójú!”

“Màmá, òjò!” làwọn òròmọ ń ké. Ìyá wọn tẹrí ba, ó ń wà á lọ.

Òjò rọ̀. Àgbàrá gbé ọkà lọ, èyí tó ti yẹ̀ wò àtèyí tí kò tíì yẹ̀ wò. Nígbà tí òjò dá, kò sí nǹkan kan tí Àgbébọ̀ máa kó wọ àká. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gba ilé ọmọ èèyàn lọ.

Obìnrin kan da ọkà tó mọ́ tónítóní fún wọn. Àwọn òròmọ sáré sí i. Àgbébọ̀ lé wọn sẹ́yìn ná.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ò ti ní àká mọ́. Ẹ da ọkà sílẹ̀ fún un lónìí, kó dúró lé e lórí gan-an, ẹsẹ̀ ló ṣì máa fi wà á. Á wá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan: ojú kan á máa wo ọkà, ojú kejì á máa ṣọ́ ẹni tó dà á fún un.