Ìpèbí Àsàbí

"Àlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"
Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ ti sùn ni? Àlọ́ o!
"Ààlọ̀!"
Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́ yín wàyí.

Ní ìgbà kan rí, ìyá Labalábá yé ẹyin kan sábẹ́ ewé ọsàn, ó fò lọ. Ẹyin pa, kòkòrò kékeré kan jáde. Àsàbí lorúkọ rẹ̀. Kò lẹ́wà, kò níyẹ̀ẹ́. Ó kàn ń jẹ ewé ṣáá.

Ẹyẹ Ẹ̀gà fi í ṣẹ̀sín. "Alájẹkì! Kí lo fẹ́ dà?"

"Màá fò, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ẹni tó ń fò ni mí."

Ẹ̀gà rẹ́rìn-ín títí. Ó dun Àsàbí wọra.

Lọ́jọ́ kan, Àsàbí dẹ́kun jíjẹ. Ó so ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó sé ara rẹ̀ mọ́lé. Àwọn ẹranko pariwo: "Háà! Ó ti wọ ìpèbí!" Ẹ sáà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọba máa ń wọ̀ kó tó dé adé.

Ìjàpá ọkọ Yánníbo gbọ́. "Ìpèbí kẹ̀? Ṣebí wọ́n á máa gbé oúnjẹ lọ fọ́ba ni!" Ó fi màrìwò yí ara rẹ̀ ká lábẹ́ igi. "Èmi náà ti wọ̀ ọ́ o! Bí mo bá jáde, màá fò, màá sì jọba. Ẹ máa gbé iyán wá! Lọ́jọ́ tí mo bá fò, kí ẹ já ilé Àsàbí yẹn dànù. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan."

Wọ́n ń gbé iyán wá, Ìjàpá ń gbé e mì.

Ọjọ́ pé. Ìjàpá gun òkè àpáta, ó na apá. "Ẹ wò mí!" Gbì! Inú ẹrẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

"Irọ́ ni ìpèbí o!" ló ń ké. "Kò sẹ́ni tó lè ti inú rẹ̀ fò jáde. Ẹ já ilé Àsàbí dànù!"

Ẹ̀gà ti na ẹnu sí ilé Àsàbí. Àfi pẹ́! Ilé là, Àsàbí yọ. Ìyẹ́ rẹ̀ tutù, ó ká jọ. Kò kánjú. Ó rọ̀ síbẹ̀ títí ìyẹ́ fi na, tó gbẹ. Ó wá gbéra, dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, ó fò kọjá lórí Ẹ̀gà! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ yẹn o!

Ìjàpá gbójú sókè. "Kí lo jẹ níbẹ̀ tí n kò jẹ?"

"Bàbá, n kò jẹ nǹkan kan. Èmi àtijọ́ ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Ìdí àlọ́ mi rèé: jíjókòó síbi ọlá kọ́ ló ń sọni dọlọ́lá. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ń fi yín ṣẹ̀sín, ẹ mọ ọmọ ẹni tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo abẹ́ ewé ọsàn bàbá rẹ̀ lọ́la.