Wúrà Tó Lẹ̀ Mọ́ Ara Kò Tíì Wọnú

Ọdún kejì rèé tí jẹjẹrẹ ti gba ohùn lọ́fun ìyá Mopélọ́lá. Àárò ohùn náà ń sọ ọmọ débi pé, bó bá jí láràárọ̀, a máa tẹ́tí sí yàrá ìyá rẹ̀, bóyá yóò tilẹ̀ gbọ́ ikọ́ lásán. Kì í gbọ́ nǹkan kan.

Iṣẹ́ ìwádìí ni Mopélọ́lá ń ṣe. Òun àti Látúndé, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ń gbé oògùn lé ìyẹ̀fun wúrà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, wọ́n sì ń fi bọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà láàyè nínú ìgò. Ẹ̀rọ yóò wá wọn iye wúrà tí sẹ́ẹ̀lì gbé mì. Iye náà pọ̀ jọjọ, síbẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì kò kú. Ọ̀rọ̀ tojú sú Mopélọ́lá, ó bá tọ Fátóósìn lọ, ìyá àgbà tí Ifá ń bá sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, Ifá ní ọwọ́ rẹ yóò tẹ ohun tí o ń wá, ṣùgbọ́n kí o rúbọ. Ìyá tó ń fún ọmọ lẹ́kọ mu, ṣé èyí tó ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò kà mọ́ èyí tó wọkùn? Ẹyẹlé méjì ni wàá fi rúbọ. Lẹ́yìn náà, fọ ohun tí o ń bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó wọ̀n ọ́n. Iye tó ń dùn mọ́ ọ yẹn gan-an lẹbọ.”

“Ìyá, bó bá bá omi lọ ńkọ́?”

“Kó máa lọ.”

Nígbà tí Látúndé gbọ́, ó fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní da ògo òun sínú omi ìfọṣọ. Ó kó iye ńlá tirẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀gá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mopélọ́lá rúbọ, ó sì fi omi oníyọ̀ fọ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀rọ ń kà tẹ́lẹ̀, mọ́kànlá ló ṣẹ́kù; ìyókù kàn lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì lóde ni, omi sì gbé e lọ. Ó jókòó, ó sunkún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ọmọ kò jẹun ló ń wá ohun tí ọmọ lè jẹ. Ó fi ṣúgà, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fẹ́ràn láti jẹ, bo ìyẹ̀fun náà, ó fọ̀, ó wọ̀n. Ó tún un ṣe fún oṣù mẹ́jọ, títí wúrà fi wọnú tí sẹ́ẹ̀lì sì ń kú. Wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní oògùn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mopélọ́lá ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, ló gbọ́ ohùn kan tó há láti ojú fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀:

“O mà ti gbẹ o. Ṣé o ń jẹun ṣá?”

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Látúndé ti fún aláìsàn mẹ́fà ní oògùn tirẹ̀ tí kò fọ̀ wò. Kò wọ ìkankan nínú wọn lára. Ó wá bẹ Mopélọ́lá kó kọ́ òun ní fífọ̀, ó sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò dúró dè é. Ẹni tó rúbọ gbọ́ ohùn tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ẹni tó kẹ́gàn ẹbọ ń pe orúkọ àwọn tí kò lè dá a lóhùn mọ́.