Àmì Ẹfun Lára Táyà Olóyè
Olóyè Láṣebìkan wa ọkọ̀ mánúà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Mọ́rẹ́nikẹ́ mẹkáníìkì, ó jágbe: "Láti ìgbà tí o ti tún ọkọ̀ yìí ṣe ni iná tó ń sọ pé táyà ń yọ̀ kò kú mọ́! Sọ ohun tó ṣe é láìfọwọ́ kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi!" Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹfun fún un. "Bàbá, ẹ fa ìlà sísàlẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi gíà kìíní wà á jẹ́jẹ́." Táyà yí títí. "Ẹ dúró!" Ìlà mẹ́ta padà sísàlẹ̀, ti ẹ̀yìn ọ̀tún ti kọjá. "Táyà yẹn kéré, ó ń sáré ju ìyókù lọ, ọkọ̀ wá rò pé ó ń yọ̀. Ẹni tó rà á ni kó kó ẹrù." Olóyè fúnra rẹ̀ ló ra táyà náà wá nígbà àtúnṣe yẹn.